Bánà Ipò Kìíní

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi: ọjọ́ tí mo gbé bánà lọ síbi ìńtáfíù. Ẹ má tí ì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tó yẹ kí ẹ ti rẹ́rìn-ín àti ibi tó yẹ kí ẹ ti ṣàánú mi.

Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kàwé nípa oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí a jáde, orúkọ mi ló wà lókè pátápátá nínú kíláàsì wa. Ipò kìíní. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bó ṣe dùn mọ́ mi tó, kò tó ìdajì bó ṣe dùn mọ́ bàbá mi. Àgbàdo ni bàbá mi ń tà lọ́jà, Bàbá Alágbàdo ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un, ojú ẹsẹ̀ ló dìde. Ó wọ bàtà, ó jáde. Kò pẹ́ sígbà náà ni bánà kan yọ ní oríta tó kọjú sí ọjà, tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ, èmi náà ló sì wà lára rẹ̀ tí mo ń rẹ́rìn-ín. "ÀṢEYỌRÍ ŃLÁ!" ni wọ́n kọ sókè. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ọmọ wa gbé ipò kìíní. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́hun." Ẹni tó tẹ bánà náà ti bó mi lára títí mo fi pupa bí ọsàn tó pọ́n, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan ṣe sí imú mi. Imú tí mo jogún lọ́dọ̀ bàbá mi yìí, ẹni bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀ mọ́.

Ẹ má dá bàbá mi lẹ́bi. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sóhun tí a kì í ṣe bánà fún. Ẹni tó sọmọ lórúkọ, ẹni tó wé láwàní, ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó sin òkú, bánà ni. Bí ewúrẹ́ bá bí ìbẹta ní àdúgbò wa, mo rò pé ẹnìkan yóò lọ bá ẹlẹ́rọ ìtẹ̀wé.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bánà yá ju iṣẹ́ lọ. Ọdún kan kọjá, bánà wà lókè, èmi wà nísàlẹ̀, mò ń bá bàbá mi wọn àgbàdo. Òmíràn tún fẹ́ẹ̀ kọjá. Gbogbo ẹni tó bá wá ra àgbàdo ló máa béèrè pé, "Ipò Kìíní, ṣé wọn ò tí ì pè ọ́?" Màá ní wọn ò tí ì pè mí. Wọ́n á ní, "Wọ́n á pè ọ́, láṣẹ Ọlọ́hun," wọ́n á wá wo bánà, wọ́n á tún wo abọ́ tí mo fi ń wọn àgbàdo. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà kí n má baà kọjá ní oríta. Ṣé ẹ ti sá fún ojú ara yín rí? Èmi ti sá fún tèmi.

Ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìẹ lẹ́bàá Ìlaròó ránṣẹ́ pé kí n wá fún ìńtáfíù. Mo rò pé ẹ̀dùn ọkàn mi fẹ́ tán. Àfi bí mo ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ náà tí mo bá nǹkan gbọọrọ kan lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé, tí wọ́n fi okùn dì.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Ẹlẹ́rìí ẹ ni. Mo gun òkè lọ tú u lánàá."

"Bàbá, ìwé ẹ̀rí mi wà nínú fáìlì."

"Ìwé ẹ̀rí!" Ó yínmú, ẹ sì mọ bí imú náà ṣe rí. "Ta ni ò lè tẹ ìwé ẹ̀rí láyé ìsinyìí? Ẹni bá ti ní bébà, ó ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n èyí, gbogbo Ayétòrò ló kà á, kò sẹ́nì kan tó jáde wá pé irọ́ ni. Ohun tí odidi ìlú bá kà tí wọn ò bá takò, òótọ́ ni. Gbé e dání."

Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo gbé e, ṣùgbọ́n mo ti pinnu nínú ara mi pé ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì ni màá fi í sílẹ̀ sí, màá sì mú un padà wálé bó ṣe wà.

Ní gáréèjì, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú ló jókòó tì mí nínú mọ́tò. Ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn. Òun náà gbé nǹkan gbọọrọ dání, láílọ́ọ̀nù dúdú, okùn funfun. Mo kí i pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o."

"Àbúrò, o káre. Màmá wa la fẹ́ sin lónìí. Ẹni tó fẹ́ bá wa ṣe bánà wọn ní Ìlaròó ló já wa jù sílẹ̀ lánàá, ló jẹ́ kí n sáré wá síbí."

"Háà! Ẹ kú ará-fẹ́-ra-kù o. Ọlọ́hun á dá ẹ̀yìn sí."

"Àmín. Ìwọ náà ńkọ́, kí lo gbé?"

Ojú tì mí láti sọ ọ́. Mo ní, "Bánà ni, sà. Tàwọn ará ilé wa." Awakọ̀ gba méjèèjì lọ́wọ́ wa, ó tì wọ́n sẹ́yìn mọ́tò lórí àpò gaàrí, a sì gbéra.

Òjò dé kí a tó dé Ìlaròó. Bí mọ́tò ṣe dúró, ẹ̀gbọ́n yìí bẹ́ sílẹ̀, ó fa bánà kan yọ, ó sá lọ sínú òjò. Awakọ̀ na èyí tó kù sí mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àbí? Èmi ò mọ̀. Ipò kìíní ni mo ṣe ní kíláàsì, mi ò sì mọ̀.

Kò ju kí n dé géètì ilé-iṣẹ́ lọ, ni ọkọ̀ akẹ́rù kan kó gbogbo ẹrẹ̀ ojú títì dà sí mi lára. Búláòsì mi tí ìyá mi fi búlúù fọ̀ wá rí bí ẹni pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti hú mi. Mo nù ún, ó tún wá fẹ̀ sí i. Mo gbé bánà kalẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì, mo wọlé.

Inú yàrá tí wọ́n ní kí a ti dúró ti kún. Ọmọbìnrin kan láti Ìmẹ̀kọ bi mí bí mo ṣe jáde ní ilé-ẹ̀kọ́. Mo rọra na ọrùn, mo ní, "Ipò kìíní ni mo ṣe."

Ó ní, "Hẹ̀n, èmi náà."

Ọkùnrin tó wà níwájú wa yíjú padà, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà?" Ká má fọ̀rọ̀ gùn, gbogbo wa pátá nínú yàrá náà, ipò kìíní ni. Àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù, ni ilé-iṣẹ́ bá ṣa àwọn tó wà lókè kíláàsì nìkan. Mo ti ń jẹ́ Ipò Kìíní láti ọjọ́ yìí bí ẹni pé èmi nìkan ni wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Àṣé adìẹ kan lásán ni mí nínú ọgbà adìẹ.

Mo ronú bàbá mi, mo ronú abọ́ àgbàdo, mo ronú ẹ̀yìnkùlé tí mò ń gbà lọ sọ́jà. Kí ló wà lọ́wọ́ mi tí kò sí lọ́wọ́ àwọn tó kù? Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bàbá mi wá dà bí ọgbọ́n. Bí mo ṣe dìde nìyẹn, mo lọ gba bánà padà ní géètì.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì nígbà tí wọ́n pè mí: Màdáámù kan tó fi ìgò ojú kọ́ ọrùn, tó jọ pé òun ni olórí wọn, àti ọkùnrin méjì. Màdáámù wo ẹrẹ̀ ara mi, ó wo ohun tí mo gbé, ó ní, "Kí nìyẹn?"

"Ẹ̀rí mi ni, mà."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà bá mi di orí kejì mú, a sì tẹ́ ẹ láti ògiri dé ògiri. Èmi kọjú sí wọn, mi ò wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò jọ láti géètì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ: "Ẹ̀yin àgbà, ẹni tí ẹ ń wò yìí kò ṣe ìmẹ́lẹ́ rí láyé rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Kò sí ibi tí wọ́n gbé e sí tí kò ní ṣe wọ́n láǹfààní."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ bánà. Ọkùnrin tó jókòó sì rọra ṣí fìlà. Ó ní, "Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn."

Mo yíjú wẹ̀yìn. Ìyá àgbà kan ló ń wò mí lára bánà, wọ́n wé gèlè, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó DÌGBÀ Ó ṢE, ÌYÁ WA ÀTÀTÀ."

Màdáámù fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "Ṣé ìyá ẹ ni, àbí ìyá ìyá ẹ?"

"Mà, mi ò mọ̀ wọ́n rí."

Kí n tó ṣàlàyé tán, ọ̀kan ti dorí kọ tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Èyí tó bá mi di bánà mú kò lè dì í mú mọ́ nítorí ẹ̀rín. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, mi ò ní dúró kó pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Màdáámù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé ìgò sójú, ó ń ka ìsàlẹ̀ bánà.

Ó ní, "Òní ni wọ́n ń sin wọ́n o. Ọ̀sán yìí. Àdúgbò náà ò sì jìnnà síbí."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Bí ìyá àgbà bá wà níbí, èmi dà?

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sáré gbé wọn lọ."

"A ò lè dá àwọn tó kù dúró dè ẹ́ o. Bí a bá ti dìde kí o tó dé, ó parí nìyẹn."

Mo dúró gbagidi. Iṣẹ́ tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí ló wà níwájú mi, ẹ̀yìn mi ni ìyá oníyàá. Mo rántí ojú ẹ̀gbọ́n yẹn tó wú. Mo ká bánà, mo jáde. Kí n má tàn yín, mo sunkún dé géètì. Kì í ṣe pé inú mi dára ju tẹlòmíràn lọ. Inú ń bí mi sí bàbá mi, sí awakọ̀, sí gbogbo ẹni tó ń ta láílọ́ọ̀nù dúdú.

Ọlọ́kadà tó gbé mi, ará Kétu lódìkejì bọ́dà ni. Yorùbá rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá bà á lẹ́rù, Faransé ló máa ń jáde. Báwo ni mo ṣe mọ̀? A yà sí àdúgbò náà, mo sì rí ojú mi gàdàgbà lórí géètì ilé òkú, wọ́n fi òdòdó yí i ká. Ọlọ́kadà wo bánà. Ó yíjú wò mí. Ó tún wo imú tó wà lókè, ó wo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mọ̀n Díẹ́!" ló wí. Kò dúró gbowó. Mi ò rò pé ó wẹ̀yìn títí ó fi dé Kétu.

Abẹ́ bánà náà ni àwọn obìnrin méjì tó wá kẹ́dùn dúró sí tí wọ́n ń nu ojú. Ọ̀kan ní, "Ọmọdé báyìí! Àgbà ni wọ́n sọ fún wa pé ó kú." Èkejì ka ohun tó wà lókè, ó mi orí: "Àṣeyọrí ńlá. Wọ́n ní ó tún gbé ipò kìíní lọ́run. Ó ti sinmi." Mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin ìyá." Wọ́n yíjú, wọ́n rí imú, wọ́n rí ẹrẹ̀ tó bò mí láti ọrùn dé orúnkún.

"Yéè! Ó ti hú ara rẹ̀ jáde o!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí kò ṣeé ròyìn tán. Àga ń dà wó, akọrin ń fò kọjá fèrè rẹ̀, àwọn tó ń dáná fi ìkòkò sílẹ̀. Bàbá arúgbó kan ṣoṣo ni kò sá, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà fún un. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ pé èmi lo wá mú, jọ̀wọ́, jẹ́ kí n jẹun ná."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, mi ò kú o. Ayétòrò ni mo ti wá. Bánà wa ló pààrọ̀."

Ariwo yìí ló mú ẹ̀gbọ́n tí a jọ wọ mọ́tò jáde. Inú ilé ló wà tí wọ́n ń tẹ́ ìyá rẹ̀, àwọn àna ló gbé bánà fún pé kí wọ́n bá òun gbé e kọ́, àwọn yẹn kò sì rí ìyá náà rí. Ó wò mí, ó wo òkè, ó gbé ọwọ́ lérí. Mo tú èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe yọ, ó gbá bánà náà mọ́ra nínú òjò, ó ń sọ pé, "Màmá mi. Màmá mi." Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rín àti ìbínú ti kúrò lára mi. Mo dúró tì í, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ti jókòó síbi ìńtáfíù yẹn, oúnjẹ iṣẹ́ náà ì bá máa há mi lọ́fun.

Wọ́n gbé ìyá àgbà kọ́, wọ́n tú mi sílẹ̀, ẹnìkan sì fi mí bo jẹnẹrétọ̀ kí òjò má pa á. Mo fẹ́ máa lọ, wọn ò gbà. Wọ́n ní ẹnìkan ò gbọdọ̀ gbé Màmá wọn wálé kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹran díńdín ni wọ́n dì fún mi, ìdì ńlá.

Nígbà tí mo dé ilé-iṣẹ́, yàrá ti ṣófo. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kó ìwé wọn jọ. Màdáámù wò mí.

"Ṣé wọ́n ti rí ìyá wọn?"

"Wọ́n ti rí wọn, mà."

"Jókòó."

Ó bi mí ní ohun tí màá fi rọ́pò àgbàdo nínú oúnjẹ adìẹ bí àgbàdo bá wọ́n. Èmi ọmọ alágbàdo! Mo sọ̀rọ̀ nípa èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá gbẹ, mo sọ èyí tó léwu níbẹ̀ àti bí a ṣe ń dín in kù. Mo ṣì ń sọ ọ́ ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà gbé imú sókè pé, "Kí ló ń ta sánsán yìí?" Báyìí la ṣe parí ìńtáfíù náà, ẹran lọ́wọ́ gbogbo wa.

Bàbá mi ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo délé. Kò béèrè ìńtáfíù. Ó ní, "Bánà dà?"

"Bàbá, mo gbàgbé ẹ̀ sílé òkú." Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lórí àpò àgbàdo. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bánà lásán ni. Ìwé ẹ̀rí mi wà níbí, kò sọnù."

Ó ní, "Tìẹ ò sọnù. Tèmi ńkọ́?" Ó ń fi ọwọ́ ra àpò tó jókòó lé. "Mi ò parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí bàbá mi tó mú mi lọ sóko. Láti ìgbà tí bánà yẹn ti wà ní oríta, àwọn kan lọ́jà ò pè mí ní Bàbá Alágbàdo mọ́. Bàbá Ipò Kìíní ni wọ́n ń pè mí."

Mo jókòó tì í. Ọ̀nà oríta tí mò ń sá fún láti ọjọ́ yìí, òun náà ni bàbá mi máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ lọ bá wọn kẹ́dùn ní Ìlaròó. Ó bá wọn kẹ́dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ apá rẹ̀ ni bánà wà nígbà tó dé. Ooru jẹnẹrétọ̀ ti jó ihò sí ibi ẹnu mi. Imú kò mira.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́. Lẹ́yìn tí mo ti pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, mo fọgbọ́n bi Màdáámù bóyá ipò kìíní mi ló ṣe é. Ó ní, "Òun ló jẹ́ kí a pè ọ́. Ká ní o wà nísàlẹ̀ ni, a ì bá má rí orúkọ ẹ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo yín ti jókòó tán, ipò ti parí iṣẹ́ tirẹ̀."

"Kí wá ni, mà? Ṣé torí pé mo lọ dá ìyá yẹn padà ni?"

Ó ronú díẹ̀. "Bóyá. Ṣùgbọ́n ebi ń pa wá gidi lọ́jọ́ yẹn o."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn, ẹ mú èyí tó bá wù yín níbẹ̀. Ipò dára, ẹ̀yin tó ń kàwé lọ́wọ́, ẹ má fi ṣeré. Ó bá mi kan ilẹ̀kùn, èmi ni mo dá wọlé. Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó tún bi mí léèrè rẹ̀ rí. Bàbá mi nìkan ni. Inú ìsọ̀ rẹ̀ ni bánà wà báyìí, ó fi bo àpò àgbàdo, ó dojú mi kọ ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá lọ kí i nígbà tí oṣù bá parí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Ipò kelòó lo ṣe lóṣù yìí?"

A kì í gba ipò níbi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìẹ. Mo ti ṣàlàyé fún un títí. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo ojú rẹ̀, màá sì ní, "Ìkíní ni, Bàbá." Á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Á wá dìde, á lé adìẹ kúrò lórí bánà, á sì fi ọwọ́ nu imú mi.